Bí Dominic Ṣe Tọ́ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré ní Òde-Ayé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, ni Dominic àti Khalilullah kọ́kọ́ pàdé. Ibùdó ìfún-epo Dominic, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fún epo pupa lára ẹyìn, tí ó wà lẹ́yìn ìlú Òde-Ayé, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Òkìtìpupa, ni ìpàdé náà ti wáyé. Ohun tí Khalilullah wá yá níbẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá yá lọ́wọ́ Dominic rí. Ariwo ni ó wá yá.

Olùkọ́ sáyẹ́ńsì ni Khalilullah ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú, yàrá kan ṣoṣo ni ó sì gbà nítòsí ọjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó tan nǹkan kan ní ẹ̀yìnkùlé. Kí nǹkan náà tó ké délẹ̀ ni ìyá onílé ti yọ sí i, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá òun fínra, kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibi tí etí àwọn ènìyàn bá ti di tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Òde-Ayé yóò mọ̀ pé kò sí ibi tí etí ti di tó ibi tí ẹ̀rọ ìfọ́yìn bá wà. Khalilullah gun ọ̀kadà rẹ̀, ó sì kọrí síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ó kí Dominic nínú ariwo ẹ́ńjìnnì dísù tí ń yí ẹ̀rọ ìfọ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ariwo wà ni mò ń wá."

Dominic pa ẹ́ńjìnnì náà kí ó lè gbọ́rọ̀ dáadáa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò iṣẹ́. "Ariwo, àbí kí lo wí?"

"Ariwo ni, sà. Tiyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò ní mọ̀ pé mo bu tèmi kún un."

Aníwúrà, ìyàwó Dominic, jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń pa èkùrọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Lucas, ẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi kó ariwo yín kúrò nínú ilé yìí."

Nígbà náà ni olùkọ́ náà tú aṣọ inú àpò ọ̀rá rẹ̀, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì kan sí àtẹ́lẹwọ́ Dominic. Ó ń dán bí fàdákà, kò sì tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ó ní pọ́ọ̀gì, ó ní písítìnì, ó ní kábúrétọ̀, abẹ̀bẹ̀ onígi sì wà ní iwájú rẹ̀. Dominic yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ tí ó jókòó gbàgbà lórí sìmẹ́ńtì, ó tún wo ti ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ẹ́ńjìnnì mi," ni ó wí, "ìgbà wo lo bímọ tí n kò gbọ́?"

Ó tọ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ irú ẹni tí Dominic í ṣe, kí ẹ lè mọ ìdí tí ó fi di ohun kékeré náà mú bí ẹyin. Ọmọ bíbí Òde-Ayé ni, ọmọ àgbẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, hẹlikópítà àwọn tí ń wa epo lójú òkun máa ń gba orí oko bàbá rẹ̀ kọjá lọ sí ìhà omi. Bí ó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, yóò ju ọkọ́ sílẹ̀, yóò sì máa sá tẹ̀lé òjìji rẹ̀ títí yóò fi dé etí odò. Bàbá rẹ̀ nà án títí, kò jáwọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkìtìpupa, ó sì di ẹni tí wọ́n ń wá pè láti Akotogbo àti àwọn abúlé tí ó yí i ká nígbàkígbà tí ẹ̀rọ ìfọ́yìn bá dákẹ́. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì tí kò níye, ó ti tò ó padà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n dì mọ́ sìmẹ́ńtì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbéra nílẹ̀ rí. Orí rẹ̀ ti ń funfun báyìí, ọ̀rọ̀ hẹlikópítà sì ti di ohun tí ó ń fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń dúró de epo wọn.

"Ṣé èyí lè fò?" ni ó bi Khalilullah.

"Òun ni yóò gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kàn. Ọkọ̀ náà ti parí, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ṣì jẹ́ tuntun, sà. Bí a bá gbé e fò báyìí, yóò jóná. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ. Ó sì pẹ́ kí n tó rí i gbà láti òkè òkun. Kò sí òmíràn tí mo lè rí."

Dominic mi orí. Kò sí ohun tí ó yé e ju èyí lọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì dísù tuntun wá, kì í jẹ́ kí wọ́n da ẹyìn sí ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ tàn án lófìfo, yóò jẹ́ kí ó máa rọra sáré, yóò pa á, yóò jẹ́ kí ó tutù, kí irin lè mọ irin. Àwọn oníbàárà a máa bínú pé ẹyìn àwọn ń jẹrà, yóò sì dá wọn lóhùn pé ìyàwó tuntun kì í gún iyán ọjà lọ́jọ́ tí ó wọlé.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi bóòtì onírin de ẹ́ńjìnnì kékeré náà mọ́ kùkùté igi kan lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n sì so ìgò epo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Khalilullah ṣàlàyé epo náà. Ọtí kan tí a ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu nítorí pé ó ń fọ́ni lójú, ni a ń pò mọ́ òróró lárà, èyí tí àwọn obìnrin tí ń fi pa irun ń pè ní kásítọ̀. Ọtí ni ó ń jó. Òróró ni ó ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin. Ó fi bátìrì kan mú pọ́ọ̀gì rẹ̀ pọ́n, ó ṣí abẹ́rẹ́ tí ń díwọ̀n epo sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi igi ta abẹ̀bẹ̀ náà.

Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Kò ké bí Dominic ṣe rò. Ó ń kùn bí ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀, èéfín funfun ń tú jáde, òróró sì ń ta sí àwọn tí ó dúró tì í lára. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Khalilullah dí ọ̀nà epo rẹ̀, ó dákẹ́, wọ́n sì jókòó dè é kí ó tutù.

"Bí ó ti ń tutọ́ yìí," ni Dominic bèèrè, "ṣé kì í ṣe àìsàn?"

"Rárá, sà. Ẹ wò ó bí ọmọ tuntun tí ó mu ọmú yó, tí ó ń dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Òróró tí ó pọ̀ yẹn ni ó ń dáàbò bò ó. Bí ó bá ti ń gbó, a ó máa dín epo rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Dominic lára. Láti ọjọ́ náà, "ọmọ tuntun" ni ó ń pe ẹ́ńjìnnì náà. Bí Khalilullah bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, yóò yà sí ibùdó ìfún-epo, wọn yóò tàn án, wọn yóò pa á, wọn yóò dúró kí ó tutù, wọn yóò tún tàn án. Bí àwọn oníbàárà bá bèèrè ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣọ́ lórí kùkùté, Dominic á ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Kò pẹ́ tí òróró lárà fi tán. Khalilullah lọ wá a sí Òkìtìpupa, ó sì pe Dominic lórí fóònù láti ibẹ̀.

"Bàbá, èyí tí mo rí níbí, wọ́n ti po lọ́fínńdà mọ́ ọn. Ti irun ni, kò dára fún wa. Mo ń lọ sí Oǹdó, ilé àbúrò mi ni n ó sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án títí n ó fi dé."

"Mo gbọ́, Tíṣà. Ọ̀nà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu ṣú sí ìhà òkun. Dominic mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, pápá ilé-ẹ̀kọ́ yóò di ẹrẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí ọkọ̀ náà ti lè sáré gbéra. Ó rìn yí kùkùté náà ká. Ìgò ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Òróró nìkan ni kò sí. Níwájú rẹ̀ gan-an ni Aníwúrà gbé àdí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí, èyí tí kò dín dúdú, tí ó sì mọ́ gaara bí omi orísun. Ọkàn Dominic sọ fún un pé àdí kan náà ni a fi ń pa ara ọmọ tuntun ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ara ọmọ fi ń jọ̀lọ̀. Òun fúnra rẹ̀, àdí ni wọ́n fi tọ́ ọ. Lucas ọmọ rẹ̀, àdí ni. Kí ni yóò wá ṣe ọmọ tuntun orí kùkùté?

Ó bu àdí díẹ̀, ó dà á sínú ọtí náà, ó sì mì í títí ó fi funfun bí omi ògì. Ó fi bátìrì sí pọ́ọ̀gì, ó ta abẹ̀bẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà bẹ́ sáré. Kò kùn mọ́. Ó ń ké ṣánṣán, ó ń dùn mọ́ etí, inú Dominic sì dùn pé ọmọ ti gbó. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàkíyèsí pé èéfín kò sí. Igbe náà tín-ín-rín sí i, ó di híhan. Kí ó tó na ọwọ́ mú rọ́bà tí ń fa epo láti inú ìgò, abẹ̀bẹ̀ náà ti dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án.

Ó dúró kí ó tutù. Ó fi ọwọ́ tì í, kò yí. Nígbà náà ni ó wo ìgò epo. Àdí ti yà kúrò lára ọtí, ó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ọtí sì dá dúró lókè. Ẹnu rọ́bà kò kan ìsàlẹ̀. Ọtí gbígbẹ nìkan ni ẹ́ńjìnnì náà ti ń fà, irin rẹ̀ sì ń ha irin láìsí ohun tí ó yọ̀ láàárín wọn.

Aníwúrà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìgò náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ara ọmọ la ń fi àdí pa, Bàbá Lucas. Ta ló ní kí ẹ fún un mu?"

Dominic kò lè rẹ́rìn-ín. Ó nu ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi tún ń dán. Bí ènìyàn bá wò ó láìfọwọ́ kàn án, kò sí ohun tí ó ṣe é. Aníwúrà gbé púpùrù, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ marúgbó síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn ń wò ó.

"Kí ni ẹ ó sọ fún Tíṣà?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ̀rọ máa ń dákẹ́. Mo lè ní mo ta abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì yí."

"Kì í ṣe irọ́."

"Kì í ṣe irọ́."

"Ẹ jẹun nígbà náà," ni Aníwúrà wí.

Ó bu òkèlè kan, ó sì dá a padà sínú àwo. Ó mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń dùn ún ju èyí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fa ohun kan ṣoṣo tí ó ní lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tàn án. Ó bo àwo náà. Ó gbé ìgò tí àdí ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí kùkùté, níbi tí ojú kò ti ní ṣàì rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀kadà Khalilullah dé. Ó gbé kásítọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó tó kí wọn tán ni Dominic ti dìde, tí ó ṣí fìlà kúrò lórí.

"Tíṣà, mo ti ba nǹkan jẹ́. O ní kí n má tàn án, mo sì tàn án. Àdí ìyàwó mi ni mo pò mọ́ ọtí rẹ."

Khalilullah gbé ìgò náà, ó wò ó. Ó ti abẹ̀bẹ̀, kò yí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi."

"Ẹ tún dáhùn pé ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́. Ojú ń kán mi ni. Mo fẹ́ kí o bá a ní gbígbó, kí òjò má baà dí wa lọ́wọ́." Ó na ìka sí ẹ́ńjìnnì náà. "Bí o bá fẹ́ gbé e lọ báyìí, n kò ní bínú."

Aníwúrà dá sí i láti ìdí èkùrọ́ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ má dá a lóhùn lónìí. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Khalilullah láìròtẹ́lẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dára. Ẹ mú sípánà wá. Ẹ jẹ́ kí á wo inú rẹ̀."

Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Písítìnì ti lẹ̀ mọ́ ògiri sìlíńdà, ihò tí ó ti ń lọ sókè sódò. Khalilullah ní òun ti kà á pé ooru a máa tú irú rẹ̀, ó sì fẹ́ fi iná ṣáná sí i. Dominic di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní iná tí ó bá dojú kọ ibì kan ṣoṣo yóò mú kí irin rẹ̀ wọ́. Wọ́n wá da òróró lárà sínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sì gbé e sórí ìdérí àgbá ńlá tí ẹyìn ń hó nínú rẹ̀, kí ooru lè máa wọ̀ ọ́ lára káàkiri. Wọ́n jókòó. Kò sí èyí tí ó fọwọ́ kàn án. Èyí ni ó ṣòro jù fún Dominic nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà méjì ni ó dìde, ìgbà méjèèjì ni Aníwúrà sì na ìka sí bẹ́ńṣì tí ó fi padà jókòó.

Nígbà tí ẹyìn jinná, wọ́n tú aṣọ náà. Khalilullah fi àtàǹpàkò ti abẹ̀bẹ̀. Kò yí. Ó rọra tún un tì. Ohun kan dún tíntín nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ sì yí díẹ̀, ó tún yí díẹ̀ sí i, ó sì yí ká.

Wọ́n nu inú rẹ̀, wọ́n gbé e sí ojú oòrùn tí ó kù. Ilà kan hàn lára ògiri sìlíńdà, tín-ín-rín bí irun orí. Wọ́n dé e padà. Dominic yí abẹ̀bẹ̀, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì ń ti ọwọ́ òun padà.

"Ó ní agbára," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ó ní àpá," ni Khalilullah dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ní agbára. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Epo tí ó pọ̀, ìsáré díẹ̀, kí ó tutù. Bí òjò bá dé bá wa, kí ó dé bá wa."

Òjò dé bá wọn lóòótọ́. Pápá di ẹrẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn bóyá ọkọ̀ òfurufú ti di ọkọ̀ ojú omi. Síbẹ̀, ní gbogbo àsìkò òjò, lábẹ́ àtíbàbà ìfún-epo, wọ́n ń tọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Díẹ̀díẹ̀ ni kíkùn rẹ̀ di ìró tí ó já gaara. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé. Dominic kò tàn án lẹ́yìn Khalilullah mọ́. Bí olùkọ́ náà bá ní kí ó tàn án kí òun tó dé, yóò ní òun ń dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá. Ìyẹ́ rẹ̀ pupa, fóòmù ni ara rẹ̀. Khalilullah mú rìmóòtù lọ́wọ́, ó sì ní kí Dominic di ìrù ọkọ̀ náà mú.

"Èmi kẹ̀, Tíṣà? Àwọn ọmọ rẹ ń kọ́?"

"Àwọn náà ló ní kí ẹ dì í mú."

Dominic kúnlẹ̀ sórí koríko. Ẹ́ńjìnnì náà ké, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀, okùn èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ náà sáré, ó ta gìrì, ó sì fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó gba orí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ó ga ju orí ọ̀pẹ lọ, ó yí po, oòrùn sì tàn sí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, ṣùgbọ́n Dominic la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá Lucas," ni Aníwúrà wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ẹ pa ẹnu dé kí eṣinṣin má baà kó wọ̀ ọ́."

"Ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, Aníwúrà," ni Dominic wí. "Ọwọ́ mi wà nínú ohun tó ń lọ lókè yẹn."

Epo tán níbi tí wọn kò rò pé yóò ti tán. Ọkọ̀ náà dákẹ́, ó rọra ń bọ̀ wálẹ̀, ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n bá ìyá olóko, Mumeenat, tí ó dúró lé e lórí, tí ó na àdá sókè.

"Ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yìí?" ni ó bi wọ́n. "Díẹ̀ ló kù kí n gé e lórí. Mo rò pé àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà ló rán an wá wo oko mi ni."

Dominic dọ̀bálẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dàgbà jù, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọkọ̀ náà mọ́ àyà bọ̀ láàárín ebè. Ìyẹ́ kan ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò fara pa. Ó ṣì gbóná. Láti ìgbà náà, bí ojú ọjọ́ bá dára ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń gbé e fò, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ síbi tí ó bá wù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní oko ní agbègbè Òde-Ayé, bí ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ pupa bá já sínú oko yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣá a ládàá. Ẹ gbé e lọ fún Dominic ní ibùdó ìfún-epo rẹ̀, lójú ọ̀nà Òkìtìpupa.